Ó Pé, Ó Lé Kan, Ó Dín Kan: Ọ̀rọ̀ Lórí Sophie Germain

(Mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí wọn sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Àjàṣẹ́ ní ọ̀sán Sátidé kan. Mo ti tún un tò kí ó lè ṣeé kà, ṣùgbọ́n mi ò yọ àwọn ibi tí mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà.)

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó sórí ẹní níwájú nítorí pé àga kò kárí, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru.

Ìlú tí a wà yìí, orúkọ mẹ́ta ni ó ń jẹ́. Àwa ń pè é ní Àjàṣẹ́. Àwọn Gun ń pè é ní Hogbonu. Àwọn Potogí dé, wọ́n sọ ọ́ ní Porto-Novo, èyí sì ni ìjọba kọ sínú ìwé. Ẹni tó ń bọ̀ láti Kutonu, èyí tó bá wù ú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kó dá fún awakọ̀, ibì kan náà ni yóò sọ̀ kalẹ̀ sí. Obìnrin onímọ̀ ìṣírò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, orúkọ méjì ni ó lò, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré nínú méjèèjì ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún.

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un ni Sophie Germain. Paris ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1776. Oníṣòwò aṣọ sẹ́dà ni bàbá rẹ̀, ní àdúgbò rue Saint-Denis. Owó wà nínú ilé. Nígbà tí ìlú dàrú ní 1789, tí àwọn ará Paris ń wó ẹ̀wọ̀n Bastille, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ìta kò ṣeé jáde sí. Ọmọ náà bá wọ yàrá ìwé bàbá rẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni ó ti ka ìtàn Archimedes, ọkùnrin Síírákúsì tó tẹrí ba sórí àwòrán tó yà sílẹ̀ nígbà tí ọmọ ogun Róòmù wọlé tọ̀ ọ́. Ọmọ ogun ń bá a sọ̀rọ̀, kò dáhùn, ó sì gún un pa. Sophie bi ara rẹ̀ pé: irú nǹkan wo ni kí èèyàn máa wò, tí kò fi ní mọ̀ pé ikú ti dúró lẹ́yìn òun? Ó ní òun máa wo nǹkan náà.

Àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ ẹ. Ìwé ìṣírò kì í ṣe ohun tí ọmọbìnrin olówó ń kà nígbà náà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á kó àbẹ́là kúrò nínú yàrá rẹ̀, wọ́n á pa iná ìyáná, wọ́n á sì kó aṣọ rẹ̀ lọ kí òtútù lè mú un dúró lórí ibùsùn. Ọmọ náà á dúró kí gbogbo ilé sùn, á fi aṣọ ìbora wé ara, á tan àbẹ́là tó ti fi pamọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá a níbi tó sùn sí lórí tábìlì, yíǹkì ti di yìnyín nínú ìgò, sílétì rẹ̀ sì kún fún ìṣírò. Libri, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ìṣírò, ni ó sọ ìtàn yìí lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọkùnrin yẹn wá di olè ìwé paraku nígbẹ̀yìn, ilé-ẹjọ́ France dá a lẹ́bi lẹ́yìn tó ti sá lọ, ṣùgbọ́n mi ò rí ohun tó máa jẹ nínú irọ́ àbẹ́là.

Yíǹkì tó di yìnyín, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbí. Iná tí wọ́n pa mọ́ni lójú ni a mọ̀. Kétu ni mo dàgbà sí, ní ẹ̀gbẹ́ Àkàbà Ìdénà. Ìyá mi kì í pa fìtílà nítorí kí n má baà kàwé, nítorí owó kẹrosíìnì ló ṣe ń pa á. Òkùnkùn kan náà ni.

Ní 1794, wọ́n dá École polytechnique sílẹ̀ ní Paris láti kọ́ àwọn ẹnjiníà. Obìnrin kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. (Ọdún 1972 ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyókù ẹ bá mi yọ ọ́: 1972 dín 1794.) Sophie wá ọ̀nà rí àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ibẹ̀. Àṣà ilé-ẹ̀kọ́ náà ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ èrò tirẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí. Ọmọkùnrin kan wà lórí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Le Blanc, ó ti kúrò ní Paris. Sophie gba orúkọ yẹn lò. Ó kọ iṣẹ́, ó fọwọ́ sí i ní «Le Blanc», ó fi ránṣẹ́ sí Lagrange, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ìṣírò jù ní ayé nígbà náà. Lagrange kà á, ẹnu yà á, ó ní kí wọ́n mú ọmọkùnrin yìí wá kí òun rí i. Báyìí ni àṣírí tú. Lagrange kò bínú, ilé wọn ló lọ láti lọ kí i.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí nọ́ńbà, nítorí òun ló gbé mi wá.

Ní 1801, ọ̀dọ́kùnrin ará Jámánì kan, Carl Friedrich Gauss, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tẹ ìwé kan jáde ní èdè Látìn: Disquisitiones Arithmeticae. Ìwé náà le. Àmọ́ èrò tó fi bẹ̀rẹ̀, kò sí ìyá ọlọ́jà kan níbí tí kò mọ̀ ọ́n. Ọjà ọrọọrún ni. A ń pè é ní ọrún nítorí pé àwa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni ọjà fi ń yípo. Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, tí oníbàárà rẹ sọ pé òun á san gbèsè ní ọgbọ̀n ọjọ́ sí òní, ṣé ìwọ á jókòó máa ka ọgbọ̀n ọjọ́? Rárá. Ìwọ á kó mẹ́rin mẹ́rin kúrò: 28 lọ, 2 ṣẹ́ kù. Ọ̀tunla ọjà nìyẹn. 28 tó lọ, kò kàn ẹ́ mọ́, èyí tó ṣẹ́ kù ni ọ̀rọ̀. Gauss mú èyí tó ṣẹ́ kù, ó sọ ọ́ di ìmọ̀ odidi.

Sophie ka ìwé náà fún ọdún mẹ́ta kó tó kọ lẹ́tà sí Gauss ní 1804. Orúkọ wo ni ó fi sí i? Le Blanc. Gauss dáhùn, inú rẹ̀ dùn pé ọkùnrin kan wà ní Paris tó gbọ́ ohun tí òun ń wí. Wọ́n ń kọ̀wé síra wọn lọ.

Ní ìparí 1806 ni ogun Napoléon wọ ilẹ̀ Prussia, àwọn ọmọ ogun Faransé sì gba Brunswick níbi tí Gauss ń gbé. Sophie ní Paris, oorun kò kùn ún. Ó rántí Archimedes. Ọ̀gágun kan wà tó mọ ìdílé wọn, Pernety, ó wà níbi ogun náà. Sophie kọ̀wé sí i pé kí ó dákun, kí ó ṣọ́ Gauss. Pernety rán ọmọ ogun lọ sílé Gauss pé ṣé àlàáfíà ni, Mademoiselle Germain ní kí àwọn máa bójú tó o. Gauss ní òun dúpẹ́, àmọ́ òun kò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó. Ẹni tó ti ń bá a jíròrò láti nǹkan bí ọdún méjì. «Mi ò mọ̀ ọ́n.» Òótọ́ ló sì ń sọ.

Ní 1807 Sophie kọ̀wé, ó jẹ́wọ́: èmi ni Le Blanc. Èsì Gauss wà títí dòní, ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ni ó kọ ọ́, ó sì fi sí i lókè pé ọjọ́ ìbí òun ni. Ó ní àṣà àti ẹ̀tanú ń gbé ìdíwọ́ sílẹ̀ fún obìnrin ju fún ọkùnrin lọ, nítorí náà bí obìnrin kan bá wá la gbogbo rẹ̀ kọjá tó sì wọ ibi tó pamọ́ jù nínú ìmọ̀ yìí, onítọ̀hún ní láti ní ìgboyà tó ga jù àti ẹ̀bùn tó tayọ. Lẹ́tà tó dára ni. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa fi parí ìtàn Sophie Germain. Èmi kì í fi parí rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, kò pẹ́ tí Gauss fi dákẹ́. Ó di olórí ilé ìwòràwọ̀ ní Göttingen, iṣẹ́ rẹ̀ yí padà, kò sì kọ̀wé sí i mọ́.

Ibí ni mo fẹ́ tẹ̀ mọ́. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ Sophie Germain. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn ún jù, lójú tèmi, ni pé lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, wọ́n yìn ín tán, wọn kò bá a jiyàn. Wọ́n ń tẹrí ba fún un, wọ́n ń pọ́n ọn lé, àwọn tó tó bẹ́ẹ̀ láti jókòó tì í kí wọ́n ní «ìlà kẹta yìí kò tọ́» kò pọ̀.

Mo mọ bó ṣe ń rí. Nígbà tí mo wà ní lycée, èmi nìkan ni ọmọbìnrin nínú kíláàsì wa ní série C, ẹ̀ka ìṣírò àti sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ ìṣírò wa nígbà náà fẹ́ràn mi. Gbogbo iṣẹ́ mi ni ó ń kọ «très bien», ó dára gan-an, sí. Ìwé àwọn ọmọkùnrin, yíǹkì pupa ní òsì, yíǹkì pupa ní ọ̀tún, bí ẹni pa adìẹ sórí rẹ̀. Tèmi funfun nini. Inú mi ń dùn. Ní ọjọ́ kan mo ń tún iṣẹ́ kan kà nílé, mo rí i pé mo ti kọ 7 lọ́nà 8 ní 54 ní àárín rẹ̀, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e sì ti wọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá: très bien. Mo jókòó, mo ń wo 54 yẹn. Ọkùnrin náà kò ka ìwé mi rí.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ara mi wé Germain o. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ní 1808, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Chladni dé Paris pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ àti yanrìn. Ó da yanrìn wínníwínní sórí irin pẹlẹbẹ, ó wá fi ọrun gòjé fa etí irin náà. Irin dún, yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó sá kúrò níbi tí irin ti ń gbọ̀n, ó to ara rẹ̀ síbi tó dákẹ́, ó sì ya àwòrán bí ìràwọ̀. Yí ohùn padà, àwòrán á yí padà. Onílù kankan kò ní bá yín jiyàn pé àárín awọ àti etí awọ kì í dún bákan náà, ṣùgbọ́n kí èèyàn fi ìṣírò sọ ìdí rẹ̀, kò tíì sí. Napoléon fúnra rẹ̀ rí i, wọ́n sì gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ fún ẹni tó bá lè ṣàlàyé. Àwọn tó gbọ́n bẹ̀rù rẹ̀. Ní 1811, ẹnì kan péré ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, Sophie Germain ni. Èrò rẹ̀ dára, ìṣírò rẹ̀ ní àṣìṣe, nítorí pé apá ìṣírò tí iṣẹ́ náà fẹ́, kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní i. Lagrange wà lára àwọn onídàájọ́, òun ló tún ìdọ́gba náà ṣe. Ní 1813 Lagrange kú. Sophie tún gbìyànjú ní ọdún yẹn, wọ́n ní ó káre. Ní 1816, ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn náà, pẹ̀lú àlàyé pé ó ṣì kù díẹ̀ káàtó. Kò lọ sí ibi ayẹyẹ láti gbà á. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká padà sí nọ́ńbà. Ẹ bá mi fún mi ní ṣọ́ọ̀kì.

Àwọn nọ́ńbà kan wà tí wọn kò gbà kí a pín àwọn dọ́gba. 12, ẹ lè pín in fún ọmọ méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà. 11, kò gbà fún ẹnikẹ́ni, àfi kí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀ tàbí kí ènìyàn mọ́kànlá mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń pè wọ́n ní olóríkunkun. 2, 3, 5, 7, 11, 13, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Germain nífẹ̀ẹ́ sí irú kan nínú wọn: olóríkunkun tó jẹ́ pé bí ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, tí ẹ fi ọ̀kan kún un, olóríkunkun náà ni yóò tún bí. 5: ìlọ́po méjì 10, fi 1 kún un, 11. 11 di 23. 23 di 47. Ká ní a bẹ̀rẹ̀ láti 2, ìlà náà dùn ún wò: 2, 5, 11, 23, 47. Lẹ́yìn náà?

(Ọmọkùnrin kan ní ẹ̀yìn: «95!»)

95. Ṣé olóríkunkun ni? Ẹ pè é ní Yorùbá kí a gbọ́. Márùn-ún dín lọ́gọ́rùn-ún. Orúkọ rẹ̀ ti tú àṣírí rẹ̀: ọgọ́rùn-ún ṣeé pín sí márùn-ún márùn-ún, o sì ti yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀, ṣé kò ní ṣeé pín ni? Ní Faransé, quatre-vingt-quinze, ẹ máa wá a kẹ́ ẹ tó rí i. Ìlà náà já síbẹ̀.

Kí ni Germain ń fi wọ́n ṣe? Ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, adájọ́ kan ní Toulouse, Pierre de Fermat, kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀ pé: ẹ lè rí nọ́ńbà méjì tí ìlọ́po ara wọn, bí a bá rò ó pọ̀, máa jẹ́ ìlọ́po ara nọ́ńbà kẹta, bíi 9 (3 × 3) àti 16 (4 × 4) tó jẹ́ 25 (5 × 5). Àmọ́ bó bá ti di pé kí nọ́ńbà fi ara rẹ̀ lọ́po nígbà mẹ́ta, tàbí mẹ́rin, tàbí márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí irú nọ́ńbà mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ní ẹ̀rí tó yani lẹ́nu, pé etí ìwé kò gbà á ni. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá kọ irú èyí sínú ìwé ìdánwò, òdo ni ẹ máa gbà.

Ẹ mú márùn-ún. 2 × 2 × 2 × 2 × 2, 32 ni. Ká ní tòmátì ni, kí ẹ kó o jọ lórí atẹ ní mọ́kànlá mọ́kànlá, nítorí 11 ni olóríkunkun tí 5 bí. Ẹ máa rí ìdì méjì, 22, ó wá ku 10. Òyìnbó á ní «ó ku 10». Ìyá ọlọ́jà á ní kí ni? «Ó dín kan.» Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìdì mẹ́ta, ẹyọ kan ló kù. Ẹ mú 3 ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún: 243. Mọ́kànlá lọ́nà 22 jẹ́ 242. Ó lé kan. 4: 1024. Mọ́kànlá lọ́nà 93 jẹ́ 1023. Ó lé kan. 5: 3125, mọ́kànlá lọ́nà 284 jẹ́ 3124. Ó lé kan. 6: 7776, mọ́kànlá lọ́nà 707 jẹ́ 7777. Ó dín kan. Nọ́ńbà tó wù ẹ́ ni kí o mú. Bí 11 bá ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó pé. Bí kò bá sí, ó lé kan tàbí ó dín kan. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé yẹn. Kò sí lé méjì, kò sí dín mẹ́ta.

Ó dára. Fermat ní kí ẹ ro irú méjì pọ̀ kí ẹ rí irú kẹta. Lé kan pẹ̀lú lé kan, kí ni? Lé méjì. Kò sí nínú ilé. Dín kan pẹ̀lú dín kan, dín méjì, kò sí nínú ilé. Lé kan pẹ̀lú dín kan, wọ́n pa ara wọn, ó pé. Nítorí náà, bí nọ́ńbà mẹ́ta bẹ́ẹ̀ bá wà rárá, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ pé. 11 gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀kan nínú wọn. Ẹ rí i? Ọmọbìnrin tí wọ́n kó àbẹ́là rẹ̀ lọ ti fi okùn sí wọn lọ́rùn, kò sì tíì mọ iye tí wọ́n jẹ́.

Láti ibẹ̀ ó tún gbé ìgbésẹ̀ kan tí mi ò ní kọ sójú pátákó lónìí, ó sì fi hàn pé 5 fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó sì mú iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ nìyí: àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ ń bá nọ́ńbà jà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣe ti 3, wọ́n á sinmi, ẹlòmíràn á ṣe ti 4. Tirẹ̀ mú gbogbo olóríkunkun tó ń bí olóríkunkun lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí kò bá bí, bíi 7 tó ń bí 15, ó ní kí a sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin dípò méjì: 28, fi 1 kún un, 29, olóríkunkun. 17 kọ méjì, ó kọ mẹ́rin, ó gba mẹ́jọ: 137. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mú gbogbo olóríkunkun tí kò tó 100, láti 3 lọ sókè.

Ní 1819 ó tún kọ̀wé sí Gauss lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ ọdún mẹ́wàá. Lẹ́tà gígùn. Ó to gbogbo ète rẹ̀ sílẹ̀, ó ní «ohun tí mo rí nìyí», ó sì ṣàlàyé pé bí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá wà, yóò tóbi débi tí yóò dẹ́rù ba ìrònú. Ó fẹ́ kí ẹnì kan sọ ibi tí ète náà ti já. Èsì kò dé. Ète náà já lóòótọ́, òun fúnra rẹ̀ ló padà rí ibi tó ti já, ó sì kọ ọ́ sí Legendre, onímọ̀ ìṣírò kan ní Paris.

Ní 1823, Legendre ka iṣẹ́ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Fermat ní Académie, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì France. Ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan, ní lẹ́tà wínníwínní, ó kọ ọ́ pé Mademoiselle Sophie Germain ló ni ẹ̀rí yìí. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ìlà wínníwínní yẹn ni gbogbo ohun tí ayé mọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀ lórí Fermat. Àwọn ìwé tó fọwọ́ kọ wà ní ilé ìkówèésí Paris àti ti Florence ní Ítálì (Libri tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ti Florence ti wá). Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣírò méjì, Laubenbacher àti Pengelley, tẹ àyẹ̀wò wọn jáde ní 2010, wọ́n fi hàn pé ohun tí Legendre fi sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kò ju etí iṣẹ́ náà lọ, àti pé ohun kan wà tí àwọn èèyàn ti ń kà sí ti Legendre, tó wà nínú ìwé Germain. Andrew Wiles, onímọ̀ ìṣírò ará Gẹ̀ẹ́sì, ló padà parí ọ̀rọ̀ Fermat, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1995, ọ̀nà mìíràn pátápátá ló gbà.

Jẹjẹrẹ ọmú ni ó pa Sophie Germain, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà 1831. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni. Nínú ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ iṣẹ́, wọ́n kọ «rentière», ẹni tó ń jẹ èlé owó. Ní 1837, níbi ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún yunifásítì Göttingen, Gauss ní ó ṣe òun láàánú pé kò sí láàyè láti gba oyè ọlọ́lá. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ Eiffel ní 1889, wọ́n kọ orúkọ 72 onímọ̀ sára rẹ̀. Lagrange wà níbẹ̀. Fourier wà níbẹ̀. Legendre tó kọ ìlà ìsàlẹ̀ ojú ìwé wà níbẹ̀. Ẹni tí ìlà náà dárúkọ kò sí níbẹ̀.

Mo dúró níbẹ̀, mo ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè.

Bàbá kan béèrè bóyá owó wà nínú iṣẹ́ yìí. Mo sọ fún un pé àwọn tó ń ṣe ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lo olóríkunkun tí òmíràn bí lọ́nà yìí, àwọn tó gùn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún díjíìtì, láti fi ṣe kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Ó mi orí. Ìyá kan fẹ́ mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ti lè kọ́ irú rẹ̀. Mo ní Dangbo kò jìnnà, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣírò àti físíìsì IMSP wà níbẹ̀, kó mú ọmọ lọ wò ó.

Ọmọbìnrin kan wà lórí ẹní níwájú, kò tíì ju kíláàsì troisième lọ. Ó ní: «Ìyá, ìlà tó bẹ̀rẹ̀ láti 2 já ní 95. Ṣé èyí tó gùn jù ú lọ wà?» Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti 89. Ó mú fóònù rẹ̀, èmi ń kọ ọ́ sójú pátákó: 89, 179, 359, 719, 1439, 2879. A ń dán wọn wò bí a ṣe ń lọ. Fún 2879, mo pín iṣẹ́ fún gbogbo iyàrá, ìlà kan mú 7, ìlà kan mú 11, títí dé 53. Kò sí èyí tó wọ̀ ọ́. Iyàrá ń pariwo. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo sáré kọ 5759, mo ní òun náà rí bí olóríkunkun, pé kí á fi síbẹ̀.

Ọmọ náà kò dìde. Ètè rẹ̀ ń mì. «7, ó lé márùn-ún. 11, ó lé mẹ́fà.» Ó wá na ọwọ́ sókè.

«Ìyá, ẹ má bínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. 13 lọ́nà 443. Ó pé.»

Mo tún un ṣe lójú gbogbo wọn. Mo mú dọ́sítà, mo pa 5759 rẹ́ kúrò nínú ìlà náà.